Kí Kọnkéré Tó Dé: Bí Ará Orí Òkè Ṣe Lè Gba Ilẹ̀ àti Ẹranko Wọn Lọ́wọ́ Dáàmù

Ibi tí àfonífojì bá ti há, tí omi sì ń já ṣòòròṣò láti orí òkè, owó ni àwọn tó ń kọ́ dáàmù ń rí níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹranko tí ìbọn àti oko ti lé kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ sá sí. Ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ti gba ilẹ̀ tó dára lọ́wọ́ wọn fìdí kalẹ̀ sí. Lọ́dún 2000, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó yẹ ọ̀rọ̀ dáàmù wò kéde pé àwọn tí dáàmù ńláńlá ti lé kúrò nílé káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 40 sí mílíọ̀nù 80 èèyàn. Ẹni tó bá ní dáàmù àti dààmú fẹ́ jọra létí kò purọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ ṣe ń kà á lọ: inú ìwé ni wọ́n ti sábà máa ń dá dáàmù dúró, kì í ṣe iwájú katakata. Tí wọ́n bá ti da kọnkéré tán, adájọ́ pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú owó tí wọ́n ti ná. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ní láti sọ fi pọ̀ sí apá ìbẹ̀rẹ̀, tó sì kéré sí apá ilé ẹjọ́.

1. Ẹ tètè gbọ́ ọ

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Kí wọ́n tó kéde dáàmù kan, wọ́n á ti máa wọn omi odò náà láti ọdún bíi mélòó kan. Ẹ máa ṣọ́ àmì: irin gígùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára tí wọ́n rì mọ́ etí odò, èèkàn tí wọ́n kùn lọ́dà, àwọn tó ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpáta, tí wọ́n sì ń to òkúta tí wọ́n fà jáde sínú àpótí, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ṣàdédé di títì ọkọ̀ ńlá láìsí ẹni tó bẹ ìjọba. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú rẹ̀ kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan èèyàn méjì, ọ̀dọ́ kan tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò dáadáa àti àgbà kan tó mọ orúkọ gbogbo odò àti òkè tó wà lágbègbè yín. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yẹ ìwé ìkéde ìjọba wò lóṣooṣù, àti ètò iná mànàmáná orílẹ̀-èdè, àti ìwé àwọn tó ń béèrè àṣẹ láti lo omi. Ọ̀dọ́ nìkan kò tó, torí orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń pe odò lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Tí òfin orílẹ̀-èdè yín bá fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ ní kóòtù pé ẹ kò sọ nǹkan kan nígbà náà, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni yóò gbẹnu sọ fún yín.

2. Ẹ mọ irú dáàmù tó ń bọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ dáàmù, adágún ńlá ni wọ́n ń rò. Lórí òkè, ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n lè gbé ògiri kékeré kan dínà odò, kí wọ́n darí omi gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ la òkè kọjá, kí omi náà sì já sórí ẹ̀rọ amúnáwá ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n á wá sọ fún yín pé kò ní bo ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n láàárín ẹnu ihò àti ibi tí omi ti jáde, odò lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ẹja kò ní lè gòkè mọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi àdó fọ́ àpáta lè mú kí orísun omi tí abúlé ń mu já sínú ihò yẹn, kó sì gbẹ. Òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde, ẹ̀gbẹ́ odò ni wọ́n sábà máa ń dà á sí.

Èyí tó ní adágún tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Nílẹ̀ tó tutù, tí ìrì dídì bá bo orí òkè, ẹranko tó ń jẹko máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ àfonífojì níbi tí oúnjẹ ṣì wà. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ yẹn rí láàárín òkè méjì, òun gan-an sì ni omi máa ń bò. Tí ẹnì kan bá wí fún yín pé ìdá kékeré nínú ilẹ̀ àgbègbè náà ni omi máa bò, ẹ bi í pé ìdá mélòó ni nínú ilẹ̀ tí ẹranko fi ń la ìgbà òtútù já. Ìdáhùn rẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹ tún rántí pé ẹranko tó ń rìn láti òkè kan sí òmíràn kò lè ré adágún gígùn kọjá, àti pé títì tí wọ́n là fún ọkọ̀ kọnkéré, ọdẹ àti agégi ló máa lò ó lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá lọ tán.

Nítorí náà, ẹ béèrè, kí wọ́n sì dáhùn nínú ìwé: Báwo ni ògiri náà ṣe ga tó? Kìlómítà mélòó odò ló máa gbẹ? Omi tó kéré jù wo ni wọ́n máa jẹ́ kó máa ṣàn lójoojúmọ́, ta ni yóò sì máa wọ̀n ọ́n? Níbo ni wọ́n ti máa gbẹ́ òkúta, níbo ni wọ́n máa da ìdọ̀tí sí? Ibo ni wáyà iná máa gbà? Ta ni iná náà wà fún?

Ìbéèrè wáyà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní gúúsù Chile, wọ́n fẹ́ kọ́ dáàmù márùn-ún sórí odò Baker àti Pascua ní Patagonia lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HidroAysén, tí yóò mú mẹ́gáwáàtì 2,750 wá. Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 2011. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn sí ibi tí iná ń lọ: wáyà náà yóò gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Àwọn tó ń tako iṣẹ́ náà mú ọ̀rọ̀ wáyà lọ bá ará ìlú tí kò rí odò Baker rí, ẹni tí òpó irin máa gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Ó di ọ̀rọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ èèyàn sì jáde sí ìgboro. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fagi lé àṣẹ náà.

3. Ẹ ya ilẹ̀ yín fúnra yín

Máàpù ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi òfìfo hàn níbi tí èèyàn wà. Ẹ ya tiyín kí tiwọn tó dé. Ẹ kó àwọn àgbà jọ, àwọn tó ń ṣọdẹ, àwọn obìnrin tó ń wá ewé àti èso, àwọn darandaran. Ẹ tẹ́ ìwé ńlá sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́, kí ẹnì kan máa yà á. Lẹ́yìn náà ni kí ọ̀dọ́ mú fóònù tó ní GPS rìn dé ibi kọ̀ọ̀kan. Ibojì, ibi ìjọsìn, ahoro ìlú àtijọ́, oko tó ń sinmi, ibi tí a ti ń pẹja, ọ̀nà ẹran, gbogbo rẹ̀ ni kó wọlé.

Máàpù méjì ni kí ẹ ṣe o. Ọ̀kan wà fún ìta, èkejì wà fún ìdílé nìkan. Ibi òòṣà tàbí ibi tí ẹranko tó ṣọ̀wọ́n ń bímọ sí kò gbọ́dọ̀ hàn dé orí ààmì ní gbangba. Ẹ fi òbírí ńlá yí agbègbè náà ká, ó tó. Ẹ sì fẹnu kò ṣáájú pé ìlú ló ni àkọsílẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé tàbí ẹgbẹ́ tó wá ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ń rí i káàkiri pé ẹni tó bá mú kọ̀ǹpútà wá ló máa ń gbé ìmọ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti àwọn Munduruku ní Brazil, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni tiwọn. Ìjọba fẹ́ kọ́ dáàmù São Luiz do Tapajós. Wọn kò dúró de ìjọba kó tó wá pààlà ilẹ̀ wọn tó ń jẹ́ Sawré Muybu. Àwọn fúnra wọn gé ọ̀nà yí ààlà náà ká, wọ́n sì kan pátákó mọ́ igi. Lọ́dún 2014, wọ́n kọ ìlànà tiwọn sílẹ̀ nípa bí ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọdún 2016 ni àjọ tó ń rí sí àyíká ní Brazil pa fáìlì dáàmù náà dé.

4. Ẹ kọ ẹranko sílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí

Ẹ lè rí kámẹ́rà tí ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹranko bá kọjá yá lọ́wọ́ yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ aláàbò ẹranko. Ẹ so ó mọ́ igi ní ìwọ̀n orúnkún, kó má kọjú sí ibi tí oòrùn ń yọ tàbí ibi tó ń wọ̀, ẹ sì tún aago inú rẹ̀ ṣe. Ẹ má yọ ọ́ títí ìgbà òtútù àti ìgbà ooru, tàbí ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, fi máa kọjá, torí ilé iṣẹ́ sábà máa ń wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lásìkò tí ẹranko kò sí níbẹ̀. Ẹ má pa fọ́tò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ rẹ́. Agbẹjọ́rò wọn á ní ẹ ti ṣà á. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọjọ́, ibi, àti orúkọ ẹni tó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà fọ́tò sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà, kí onímọ̀ kan bá yín wo èwo nínú wọn ló wà lórí Red List ti IUCN, ìwé àgbáyé tó ń to orúkọ ẹ̀dá tó wà nínú ewu àparun. Orúkọ tó bá wà níbẹ̀ máa ń jẹ́ kí báǹkì ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé ẹranko kan lórí. Lọ́dún 1978, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá dáàmù Tellico dúró ní Tennessee nítorí ẹja kan tó ń jẹ́ snail darter, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yọ dáàmù náà kúrò lábẹ́ òfin tó dáàbò bo ẹja ọ̀hún, wọ́n sé omi, omi sì bo Chota àti Tanasi, ìlú àtijọ́ àwọn Cherokee. Ẹja náà kò run. Wọ́n rí òmíràn, wọ́n kó díẹ̀ lọ sí odò mìíràn, lọ́dún 2022 wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Chota ni kò jáde lábẹ́ omi mọ́. Ẹranko, ilẹ̀, ibojì, owó, ewu: ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀sùn kan ṣoṣo.

5. Ẹnu yín kó kò, kó tó di pé wọ́n wá bá yín jókòó

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ọ̀nà tí dáàmù máa ń gbà wọ ìlú ni pé wọ́n á rí olóyè kan, wọ́n á fún un ní ọkọ̀. Wọ́n á rí ìdílé kan, wọ́n á gba ọmọ wọn síṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní aráàlú ti gbà.

Àwọn ará Kalinga àti Bontoc ní àríwá Philippines rí èyí wá láti òkèèrè. Nígbà ìjọba Ààrẹ Ferdinand Marcos àgbà, wọ́n fẹ́ kọ́ dáàmù mẹ́rin sórí odò Chico, ní àárín ilẹ̀ ìrẹsì tí àwọn baba ńlá wọn gé bí àtẹ̀gùn sára òkè. Àwọn abúlé yìí ń bára wọn jà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní májẹ̀mú àlàáfíà tí wọ́n ń pè ní bodong, èyí tí abúlé méjì-méjì máa ń bára wọn dá. Lọ́dún 1975, wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo abúlé lápapọ̀, wọ́n sì fi òfin sínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn oní-dáàmù. Wọn ò kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ àlejò. Àṣà tiwọn ni wọ́n fẹ̀. Wọn kò kọ́ dáàmù náà.

Òfin àgbáyé fún yín ní ohun tí ẹ lè dì mú. Ìkéde Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ti ọdún 2007, sọ ní apá 10 pé a kò gbọ́dọ̀ kó wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n gbà. Apá 32 ní kí ìjọba wá ìyọ̀ǹda wọn kí ó tó fọwọ́ sí iṣẹ́ tó kan ilẹ̀ àti omi wọn. Ìyọ̀ǹda náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kò fipá gbà, tó ṣáájú iṣẹ́, tí ẹni tó fi í sílẹ̀ sì ti mọ ohun gbogbo. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orílẹ̀-èdè yín fọwọ́ sí àdéhùn 169 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti ọdún 1989, torí ìyẹn de ìjọba lọ́rùn ju ìkéde lọ.

Nípàdé, ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n ń gbé káàkiri pé kí olúkúlùkù kọ orúkọ. Ẹni tó wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán lè bá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé àwọn tó fọwọ́ sí dáàmù. Ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́ sókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan pé "a wá sípàdé, a kò fọwọ́ sí iṣẹ́ náà", tàbí kí ẹ má kọ orúkọ rárá. Ẹ mú ògbufọ̀ tiyín lọ. Ẹ gba ohùn ìpàdé sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú lórí ilẹ̀ ṣáájú ìbéèrè bóyá dáàmù yóò tiẹ̀ wà; ẹni tó bá ti ń dúnàá-dúrà, wọ́n ti kà á sí ẹni tó gbà.

6. Ẹ ka ìwé àyẹ̀wò àyíká wọn

Ó máa nípọn, ọjọ́ tí wọ́n á fún yín láti fèsì á sì kéré. Ẹ pín in: ẹnì kan ka ti omi, ẹnì kan ti ẹranko, ẹnì kan ti ilẹ̀ àti èèyàn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ka dáàmù yìí nìkan láìka àwọn mìíràn tó wà lórí odò kan náà. Ẹ wo oṣù tí wọ́n wá ka ẹranko. Ẹ wo orúkọ ẹyẹ tàbí ẹja tí kò sí lágbègbè yín rí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n da ìwé iṣẹ́ mìíràn kọ. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ó tọ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n sọ nípa yìnyín ńlá àti ìyalulẹ̀ òkè. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2023, adágún South Lhonak tó wà lẹ́sẹ̀ yìnyín ńlá ní Sikkim, Íńdíà, ya. Omi náà gbá dáàmù Teesta III lọ ní Chungthang, dáàmù mẹ́gáwáàtì 1,200. Ẹni tó bá ní ewu irú èyí jìnnà sí òun, ẹ fi ìyẹn hàn án.

7. Ẹ tọpa owó

Tí agbára yín bá kéré, tí ẹ ní láti yan ìgbésẹ̀ kan, èyí ni èmi á yàn. Ẹ wá ẹni tó ń yá wọn lówó, ẹni tó ń ṣe ìdúró fún gbèsè náà, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ amúnáwá, ẹni tó fẹ́ ra iná. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, torí lẹ́yìn ìyẹn, títì ni wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

IFC, apá Báǹkì Àgbáyé tó ń yá ilé iṣẹ́ aládàáni lówó, ní ìlànà méjì tó kàn yín: Ìlànà 7 lórí ọmọ ìbílẹ̀ ń béèrè ìyọ̀ǹda, Ìlànà 6 ń ṣọ́ ibùgbé ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ báǹkì aládàáni ló ti gba ìlànà wọ̀nyí bíi tiwọn. Tí owó bá ti ọ̀dọ̀ Báǹkì Àgbáyé fúnra rẹ̀ wá, èèyàn méjì tí iṣẹ́ náà pa lára lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí Inspection Panel, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993. Tí ó bá jẹ́ IFC, CAO, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ IFC, ni ẹ máa lọ bá. Ẹ lè ní kí wọ́n fi orúkọ yín pamọ́.

Ẹ sì sọ èdè owó fún olówó. Àwọn olùwádìí Oxford wo dáàmù ńlá 245 nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014, wọ́n rí i pé iye tí wọ́n ná fi ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ, ní ìpíndọ́gba. Dáàmù Site C tó wà lórí odò Peace ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdíwọ̀n tí kò pé bílíọ̀nù 9 dọ́là Kánádà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, wọ́n ti ń sọ bílíọ̀nù 16. Tí wọ́n bá bi yín pé "iná ńkọ́?", ẹ ní ìdáhùn lọ́wọ́: títún ẹ̀rọ dáàmù tó ti wà ṣe, oòrùn, atẹ́gùn, iná tó ń ṣòfò lórí wáyà.

8. Ilé ẹjọ́

Ẹ lọ kíákíá. Àwọn West Moberly, ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ní ìpín nínú àdéhùn Treaty 8 ti ọdún 1899, bẹ ilé ẹjọ́ pé kó dá Site C dúró kí ẹjọ́ wọn tó parí. Lọ́dún 2018, adájọ́ kọ̀. Iṣẹ́ ti ń lọ láti ọdún 2015. Lọ́dún 2024, omi bo kìlómítà 83 àfonífojì náà. Àṣẹ ìdádúró ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ nígbà tí katakata kò tíì dé. Ẹjọ́ tó sì máa ń rọrùn jù láti jàre ni pé wọ́n fo ìgbésẹ̀ kan tí òfin là sílẹ̀.

9. Ẹ̀mí yín

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1980, àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa Macli-ing Dulag, àgbà kan ní Kalinga, nínú ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n pa Berta Cáceres ní Honduras, obìnrin Lenca tó gbógun ti dáàmù Agua Zarca lórí odò Gualcarque, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti gba ẹ̀bùn Goldman, ti àwọn tó ń gbèjà àyíká, lọ́dún 2015. Lọ́dún 2017 ni báǹkì Netherlands àti ti Finland yọ owó wọn kúrò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnu kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú. Ẹ máa pààrọ̀ agbẹnusọ. Ẹ má rìn ní ẹyọ kan. Ẹ kọ gbogbo ìhàlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò àti sí ẹnì kan tó wà lẹ́yìn odi. Ohun tó bá jẹ́ àṣírí kò gbọ́dọ̀ wà lórí WhatsApp tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀.

10. Tí ẹ bá borí

Ìwé ètò dáàmù kì í kú, inú dúrọ́ọ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹ wá ohun tí yóò de ẹni tó bá fẹ́ jí i. Lọ́dún 2021, àwọn Innu ti Ekuanitshit ní Quebec àti ìjọba agbègbè wọn kéde pé odò Muteshekau-shipu, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Magpie, jẹ́ ẹ̀dá tó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin, wọ́n sì kọ ẹ̀tọ́ mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún un. Ní Albania, odò Vjosa di ọgbà ìṣẹ̀dá orílẹ̀-èdè lọ́dún 2023. Ní Sarawak, Malaysia, àwọn Kayan, Kenyah àti Penan dí ọ̀nà dáàmù Baram fún ọdún méjì láti ọdún 2013. Nígbà tí ìjọba jáwọ́, wọn ò lọ sílé títí ìjọba fi yí ìwé tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn padà lọ́dún 2016.

Bó bá sì jẹ́ pé dáàmù ti wà lórí odò yín kí wọ́n tó bí yín, ẹ wá ọdún tí ìwé àṣẹ rẹ̀ máa parí. Ti odò Klamath ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà parí lọ́dún 2006. Àwọn Yurok àti Karuk ti ń dúró dè é. Nígbà tí ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ náà ṣe ọ̀nà fún ẹja kí wọ́n tó gba àṣẹ tuntun, owó rẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ. Wọ́n wó dáàmù mẹ́rin lórí odò náà, iṣẹ́ parí lọ́dún 2024, ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ẹja salmon ti kọjá ibi tí ògiri wà.